Àwọ̀ Tíì Hàlímọ̀

Èmi nìkan ni mo rí i. Nígbà tí gbogbo àdúgbò Santasi ní Kumasi ń dúró de ọkọ̀ trotro, orí òkè ilé alájà kan tí wọn ò tíì kọ́ tán, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé Àlàájì Sùlèímọ̀n, ni mo wà, mo ń mu omi inú ọ̀rá. Fèrèsé pálọ̀ rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ojú mi ríran ju ti àṣá lọ. Etí mi ńkọ́? Bí ẹ̀fọn bá yán ní Ayigya ní òdìkejì ìlú, mo máa gbọ́. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má bi mí pé báwo ni mo ṣe mọ̀.

"Ó pupa jù," Àlàájì Sùlèímọ̀n wí. Ó gbé kọ́ọ̀bù tíì kan mọ́ ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ọ̀dà ṣì tutù, ó ń wo kọ́ọ̀bù, ó ń wo ògiri.

"Àlàájì, ẹ̀yin lẹ ní kí n fi pupa díẹ̀ sí i," Kwadwo tó ń kun ilé fún un dá a lóhùn.

"Mo mọ̀. Ó ti wá pupa jù. Tíì yẹn gan-an pupa jù."

Kwadwo gba kọ́ọ̀bù náà, ó gbé e mu, torí ọkàn rẹ̀ ò gbà á kó da tíì tó ní mílíìkì nù. Ìkẹjọ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn nìyẹn. Bí mo ṣe kà á, kọ́ọ̀bù mọ́kàndínlógójì ni ọkùnrin yìí ti mu láàárín ọjọ́ mẹ́rin. Oorun ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀ láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó ní bí òun bá dùbúlẹ̀, òun máa ń gbọ́ bí irun orí òun ṣe ń hù. Ọmọ Kumasi ni. Èdè Twi ni òun àti Àlàájì jọ ń sọ, àmọ́ ẹ̀gbẹ́ ìsọ̀ àwọn Yorùbá ló dàgbà sí. Bó bá fẹ́ bẹ̀bẹ̀, Yorùbá ló fi ń bẹ̀bẹ̀.

"Mo bẹ̀ yín, Àlàájì. Àwọ̀ tíì wo gan-an lẹ ń wá?"

Àlàájì tún gbé kẹ́tù kaná. Ká ní ó mọ̀ ọ́n ni, ṣé wọ́n á ṣì wà níbẹ̀?

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ rèé. Hàlímọ̀, ìyàwó rẹ̀, lọ sí Accra nígbà tí Lùbnà ọmọ wọn bímọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló dá. Ọmọ tó lọ tọ́jú ọ̀hún ti ń rìn báyìí, ó ti heyín mẹ́jọ, ó ku díẹ̀ kó lọ dìbò. Hàlímọ̀ ò sì tíì dé. Wọn ò jà. Ká ní wọ́n jà ni, Àlàájì ì bá mọ ohun tó máa tọrọ àforíjì lé lórí. Gbogbo ìgbà tó bá bi í pé ìgbà wo ló ń bọ̀, á ní ọmọ ń wúkọ́, tàbí Lùbnà ti wọṣẹ́ padà, tàbí òjò wà lójú ọ̀nà. Òjò wo ló ń rọ̀ fún oṣù mẹ́rìnlá?

Ilé náà wá ń fẹ̀ sí i lóṣooṣù, mo lè búra. Láàárọ̀, Àlàájì á lọ sí ìsọ̀ aṣọ rẹ̀ ní ọjà Race Course. Nírọ̀lẹ́, á ra wáàkyé, ìrẹsì ẹlẹ́wà inú ewé, wálé, á jẹ ẹ́ ní ìdúró, torí kò rí ẹni tó máa jókòó tì. Bó bá ṣílẹ̀kùn, á sálámà sínú ilé gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń dáhùn. Á dúró díẹ̀, á wá dá ara rẹ̀ lóhùn. Mo gbọ́ ọ. Ó máa ń fa ohùn ìdáhùn yẹn wálẹ̀ díẹ̀, kó má baà jọ ti ẹni tó kí.

Lóṣù tó kọjá, ó bẹ̀ ẹ́ lórí fóònù, ẹ̀bẹ̀ gidi. Hàlímọ̀ ní pálọ̀ yẹn dúdú bí inú ìkòkò, òun ò lè padà wá máa jókòó sínú rẹ̀. Òótọ́ ló sọ. Búlúù tó ki ni pálọ̀ ọ̀hún. Ọdún tí Àlàájì ti Mẹ́kà dé ló kùn ún, kò bi ẹnì kankan.

"Ẹ lọ kùn ún ní bééjì," Hàlímọ̀ ní. "Kì í ṣe èyí tó tutù yẹn o. Èyí tó gbóná díẹ̀. Bí àwọ̀ tíì mi."

"Ìyẹn ti parí," Àlàájì wí, inú rẹ̀ sì dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fò kọjá odi.

Ìgbà tó gbé fóònù sílẹ̀ tán ló wá bi ara rẹ̀ pé, àwọ̀ wo tilẹ̀ ni tíì Hàlímọ̀? Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n ti jọ ń mu tíì lẹ́yìn ìrun Àsùbáà. Hàlímọ̀ á gbé ti Àlàájì fún un lórí àga ńlá rẹ̀, á wá gbé tirẹ̀, á lọ jókòó sórí àpótí kékeré kan lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Àlàájì dijú kó lè rí i. Ó rí àpótí. Ó rí ọwọ́, ó rí òrùka, ó rí kọ́ọ̀bù. Inú kọ́ọ̀bù ṣófo.

Kò lè pè é padà kó bi í. Bó bá bi í, Hàlímọ̀ á mọ̀ pé kò wò ó rí, ìyẹn nìkan á sì tó fún un láti má padà mọ́. Bó bá kun àwọ̀ tí kì í ṣe òun, ibì kan náà ló já sí. Ó pe Lùbnà ní bòókẹ́lẹ́. Lùbnà ní, "Bàbá, ẹ má bínú, Màámi ní kí n má sọ." Ìkrímà tí ìsọ̀ wọn jọ fara kanra bú sẹ́rìn-ín nígbà tó gbọ́. Ó ní wàláhì, ẹni tó lè dúró lókèèrè kó sọ iye ọ̀pá tó wà nínú ìdì aṣọ, ọkùnrin yẹn ni ò mọ tíì ìyàwó ẹ̀.

Bí Àlàájì ṣe gba Kwadwo síṣẹ́ nìyẹn. Wọ́n kọ́kọ́ yẹ ìwé àwọ̀ tí wọ́n gbà níbi tí wọ́n ti ń ta ọ̀dà wò. Bééjì mẹ́rìnlélógún ló wà lórí rẹ̀, gbogbo wọn jọra bí ọmọ ìyá kan náà: ọ̀kan bí ìyanrìn, ọ̀kan bíi bísíkíìtì, ọ̀kan bí ìdí ràkúnmí. Kwadwo ṣàlàyé pé ọ̀nà méjì ni bééjì pín sí, èyí tó ní ẹ̀jẹ̀ lára àti èyí tí kò ní, pé ẹni tó bá kun èyí tí kò ní ẹ̀jẹ̀ sí pálọ̀, òtútù á máa mú un lọ́sàn-án gangan. Àlàájì ní tíì lòun ń wá, òun ò wá ràkúnmí. Kwadwo ní kí wọ́n kúkú po tíì ọ̀hún nígbà náà, pé ohunkóhun tí ojú òun bá ti rí, ọwọ́ òun á pò ó.

Ló bá fi ọ̀dà funfun bo ògiri kan látòkè délẹ̀, wọ́n sì gbé kẹ́tù kaná. Bí Àlàájì bá po tíì kan tán, Kwadwo á kán pupa, á kán yẹ́lò, á kán bùráùn sínú ọ̀dà funfun, á rò ó, á fi kun ibì kan lára ògiri tí kò ju ìwé àdúà lọ. Wọ́n á dúró kó gbẹ, torí òpùrọ́ ni ọ̀dà tútù. Àlàájì á wá ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí Accra. Èsì kan náà ló ń bọ̀ ní gbogbo ìgbà: "Kì í ṣe ìyẹn." Ó fi mílíìkì kún un, ó funfun jù. Ó dín in kù, ó pupa jù. Ògiri náà wá rí bí orí ọmọ tí làpálàpá mú.

Lọ́jọ́ kẹrin tí mò ń sọ yìí, nǹkan bí aago mẹ́wàá, àpò tíì tán nínú páálí. Mílíìkì náà tán. Àlàájì jókòó sórí àga ńlá rẹ̀, ó kẹ̀yìn sílẹ̀kùn, ó ń wo ògiri bí ẹni tí ọkọ̀ já sílẹ̀. Orí ń fọ́ Kwadwo. Tíì ti wọ̀ ọ́ lára, bí kò bá mu ún, ọwọ́ rẹ̀ ò lè di búrọ́ọ̀ṣì mú dáadáa. Ó bá yọ àpò tíì tó wà nínú kọ́ọ̀bù àárọ̀ Àlàájì, ó fi í sínú kọ́ọ̀bù mìíràn, ó da omi gbígbóná lé e. Ó bu omi díẹ̀ sínú agolo mílíìkì tó ti ṣófo, ó mì í, ó dà á sí i. Agolo ọ̀dà ti gba gbogbo orí tábìlì. Ló bá gbé kọ́ọ̀bù náà sórí àpótí tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn kó lè ráyè nu ọwọ́.

Àlàájì yíjú padà láti sọ fún un pé kó máa lọ sílé. Ìmọ́lẹ̀ gba ẹnu ọ̀nà wọlé, ó bọ́ sínú kọ́ọ̀bù náà.

"Ta ló kọ́ ẹ ní tíì yẹn?" Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ débi pé etí bíi tèmi nìkan ló lè gbọ́ ọ.

"Kò sẹ́ni tó kọ́ mi, Àlàájì. Àpò tí ẹ ti lò láàárọ̀ ni mo tún da omi lé, mo wá fi omi ṣan agolo mílíìkì. Ẹ má bínú, mi ò mọ̀ pé ẹ ṣì fẹ́ lò ó."

"Má mu ún," Àlàájì wí.

Ó dìde, ó lọ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú àpótí. Òun nìyẹn. Kò sí àní-àní. Kì í ṣe pupa, kì í ṣe funfun; ó fẹ́lẹ́, ó sì gbóná. Gbogbo nǹkan tó dijú wá tí kò rí ló wá tò níwájú rẹ̀: ọwọ́ Hàlímọ̀ tó ń fún àpò tíì ọkọ rẹ̀, tó ń gbé e lọ sínú kọ́ọ̀bù tirẹ̀, omi tó ń dún pọ́ọ́pọ́ọ́ nínú agolo. Ìgbà tí wọ́n ṣì wà ní yàrá kan ló ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí àpò tíì méjì lóòjọ́ ṣì jẹ́ ìnáwó. Nígbà tó yá, ọwọ́ wọn ròkè, páálí tíì ń bẹ nílé bí ẹni fẹ́ ṣí ìsọ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún Hàlímọ̀ pé kó mú àpò tuntun. Kò sẹ́ni tó rí i pé kò mú un.

"Pò ó," ó sọ fún Kwadwo.

Kwadwo pò ó. Kò sí akunlé tó tún lè pò ó bẹ́ẹ̀ láti ọjà Kejetia títí dé òkun. Nígbà tó gbẹ, ó dọ́gba pẹ̀lú kọ́ọ̀bù láìyingin, ó tutù lójú, ó gbóná lára. Alángbá ògiri kan sọ̀ kalẹ̀, ó lọ dúró lé e. Kwadwo ní kí Àlàájì ya fọ́tò. Àlàájì ò yà á. Ó pe Accra, ó sì gbé fóònù náà sórí apá àga kó máa sọ̀rọ̀ síta.

"Hàlímọ̀, mo ti rí i."

"Kí lẹ rí?"

"Àpò tíì tèmi ni. O máa ń tún un lò. Omi tí o fi ṣan agolo lo fi ń ṣe mílíìkì."

Ọmọ kan ń fi ṣíbí lu abọ́ lọ́hùn-ún. Hàlímọ̀ ní kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ìlù abọ́ dákẹ́.

"Lùbnà ló sọ fún yín?"

"Kò sẹ́ni tó sọ. Orí àpótí rẹ ni mo ti rí i. Kwadwo ti pò ó, ó dọ́gba. Ọ̀la ló máa kun gbogbo pálọ̀."

"Ẹ má fi kùn ún."

"Ṣé òun kọ́ ni?"

"Òun ni." Ó mí, mo gbọ́ ọ. "Mo ti mu ún tó, Àlàájì. Mi ò fẹ́ tún máa wò ó lára ògiri."

Ẹlòmíràn ì bá pariwo. Ọjọ́ mẹ́rin, agolo ọ̀dà, kọ́ọ̀bù mọ́kàndínlógójì. Àlàájì wo ògiri búlúù, ó wo ògiri tó ní làpálàpá. Ó wá sọ nǹkan kan tí èmi tí mo mọ gbogbo nǹkan ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí.

"Kí ni ìwọ fẹ́, Hàlímọ̀?"

Ó pẹ́. Ó pẹ́ débi pé Kwadwo rò pé fóònù ti kú, ó na ọrùn wò ó.

"Ẹ jẹ́ kí n rò ó," Hàlímọ̀ wí.

"Rò ó. Mo wà níbí."

Kò sọ pé òun ń bọ̀. Kò sì sọ pé òun ò bọ̀. Fóònù kú lóòótọ́ wàyí.

Kwadwo bi í bóyá kí òun ṣì wá lọ́la. Àlàájì ní daabi, rárá o, kó lọ wá oorun sùn, òun á pè é bí àwọ̀ bá dé. Kwadwo fọ búrọ́ọ̀ṣì lẹ́nu ẹ̀rọ omi, ó kó agolo rẹ̀ jọ, ó lọ.

Àlàájì wá jókòó sórí àpótí. Ọkùnrin gíga fíofío ni. Eékún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí. Ó wo iwájú láti ibẹ̀. Ẹ̀yìn àga ńlá rẹ̀ nìkan ló rí. Kò sí nǹkan mìíràn tí èèyàn lè rí láti orí àpótí yẹn. Ó gbé tíì náà, tó ti tutù pátápátá, ó sì mu ún díẹ̀díẹ̀ títí ó fi tán. Ó gbé fóònù lé itan, ó kọjú rẹ̀ sókè.

Títí di bí mo ṣe ń sọ yìí, kò tíì kun pálọ̀ ọ̀hún. Ìkrímà ń sọ kiri Race Course pé ọ̀dà ló wọ́n. Irọ́ ni, ọ̀rọ̀ ọ̀dà kọ́. Bóyá kọ́ọ̀bù tí Kwadwo mu ò tó mọ́kàndínlógójì. Bóyá alángbá yẹn ò dúró. Àmọ́ kọ́ọ̀bù ìkẹyìn yìí, èyí tí Àlàájì dá mu lórí àpótí ìyàwó rẹ̀, mi ò fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kún un. Ẹ gbọ́dọ̀ gbà mí gbọ́.