Irun Gbíngbìn Ohùn Wúrà

Fìlà ló kọ́kọ́ wọlé kí Ohùn Wúrà fúnra rẹ̀ tó wọlé. Fìlà dúdú kan ni, ó fẹ̀ bí ìdérí ìkòkò, ọkùnrin náà sì fà á wálẹ̀ débi pé agbára káká lèèyàn fi ń rí ojú rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi!"

Gbogbo ọ́fíìsì dìde. Àwọn tó ń mu tíì gbé ife kalẹ̀. "Ẹ kú ìtọ́jú Màmá o! Ara wọn ńkọ́?" Ohùn Wúrà ń dáhùn, "A dúpẹ́, a dúpẹ́," ó sì ń yí ọrùn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ru ẹyin.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin jókòó sídìí tábìlì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ń yẹ ìròyìn tó fẹ́ kà wò. Kò dìde. Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti orí fìlà dé ẹnu bàtà, ó pòṣé sínú, ó sì padà sórí ìwé rẹ̀.

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ni àwọn méjèèjì ní ilé-iṣẹ́ rédíò kékeré kan tó wà lókè ilé ìfowópamọ́. Ètò òwúrọ̀ ni wọ́n jọ ń ṣe. Kò sẹ́ni tó sọ ẹ̀gbọ́n ní Ohùn Wúrà. Òun ló sọ ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì tún un pè lórí afẹ́fẹ́ títí ó fi mọ́ ìlú lẹ́nu. Ní ti obìnrin náà, Àbúrò ni gbogbo wọn ń pè é, àfi bí ẹni pé iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí ẹ̀ bí i ni pé kó jẹ́ àbúrò ẹnì kan. Òun ló ń kọ ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n ń sọ. Òun ló ń wá àlejò tí ẹ̀gbọ́n ń fi ọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò. Ẹ̀gbọ́n á kàn wọlé, á jókòó, á tú ohùn sílẹ̀, ìyìn á sì máa rọ́ wọlé lórí fóònù.

Ọ̀rọ̀ orí yìí kò sí nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Rédíò ni wọ́n ń ṣe. Ta ló ń rí orí ẹnikẹ́ni? Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé kámẹ́rà sí sitúdíò kí àwọn olùgbọ́ lè máa wò wọ́n lórí fóònù, Ohùn Wúrà rí ara rẹ̀ láti òkè fúngbà àkọ́kọ́. Àárín orí rẹ̀ ń dán bí abọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Bàbá wọn náà pá lórí bẹ́ẹ̀. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì iléèwé ni bàbá, òróró ló sì máa ń fi pa orí náà láràárọ̀ kó lè tàn dáadáa, tí àwọn ọmọ iléèwé á máa wo ojú ara wọn níbẹ̀, tí òun náà á máa rẹ́rìn-ín. Àbúrò fẹ́ràn orí bàbá rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ní tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun ẹ̀gbẹ́ etí gun àárín orí, bí ẹni tó fi aṣọ ọmọdé bo àgbàlagbà tó sùn.

Àsìkò náà gan-an ni awọ funfun bo ojú òsì ìyá wọn pátápátá, tí ọ̀tún náà ń rí bàìbàì, tí dókítà sì fún un ní ọjọ́ iṣẹ́ abẹ. Àbúrò tọ Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ lọ pé òun fẹ́ gba ààyè láti dúró ti Màmá.

Ọ̀gá ní, "Ẹ̀gbọ́n rẹ ti gbà á. Ọ̀rọ̀ Màmá yìí kan náà ló sọ. Ẹ̀yin méjèèjì ò lè fi ètò òwúrọ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà."

Inú Àbúrò dùn. Ó ní ó tán, ojú ẹ̀gbọ́n òun ti là nígbẹ̀yìn. Òun fúnra rẹ̀ ló ka ìkéde náà lórí afẹ́fẹ́: Ohùn Wúrà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀ tó ń gba ìtọ́jú, ẹ fi wọ́n sínú àdúrà.

Màmá gbọ́ ìkéde náà nílé. Ó di ẹrù rẹ̀, ó wọ aṣọ tó dára, ó sì ń retí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Aládùúgbò ló padà fi ọkọ̀ gbé e lọ sílé ìwòsàn. Fóònù ẹ̀gbọ́n ò lọ. Nígbà tó yá ni àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọlé sórí fóònù Àbúrò: "Ìrìn àjò pàjáwìrì kàn mí. Bá mi tọ́jú Màmá." Òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n gbé Màmá wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, Àbúrò wà nídìí gbohùngbohùn, ó ń sọ fún ìlú bóyá òjò máa rọ̀. Bó ṣe sáré débẹ̀, wọ́n ti gbé e wọlé. Nọ́ọ̀sì kan tí wọn ò mọ̀ rí ló di Màmá lọ́wọ́ mú.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni níbi iṣẹ́. Ojú tì í láti sọ ọ́.

Ó wá di òwúrọ̀ tí fìlà wọlé yìí.

Nínú sitúdíò, Ohùn Wúrà jókòó sáyè rẹ̀, fìlà wà lórí síbẹ̀. Ọkùnrin tó ń darí ẹ̀rọ lẹ́yìn gíláàsì, tí wọ́n ń pè ní Bọ́tìnnì, yọ ohùn sí wọn: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí fìlà. Òjìji rẹ̀ ló bo gbogbo ojú yín nínú kámẹ́rà."

Ó dà bíi pé Ohùn Wúrà ti ń retí kí ẹnì kan sọ bẹ́ẹ̀. Ó ṣí i pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

Iwájú orí rẹ̀ wú bíi búrẹ́dì tí wọ́n kó sínú omi. Lókè rẹ̀, àmì pupa kéékèèké tò ní ìlà-ìlà, irun jáńjálá kọ̀ọ̀kan sì yọrí nínú wọn bíi búrọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti fi fọ ilẹ̀ gbó. Ẹ̀yìn orí tí wọ́n ti ṣa irun náà rí bí aṣọ tí eku jẹ.

"Kí lẹ ṣe sórí?" ni Àbúrò béèrè.

"Irun ni mo gbìn. Iṣẹ́ àwọn tó mọṣẹ́ ni o. Dúró kó hù ná, wàá rí nǹkan. Má ṣáà fọwọ́ kàn án."

"Ta ló fẹ́ fọwọ́ kàn án?"

Ó dáhùn tán ni ọ̀rọ̀ náà tó wọ̀ ọ́ lára. Ìrìn àjò pàjáwìrì. Nígbà tí òun ń fa ìyá wọn lọ́wọ́ lọ sí ilé ìyàgbẹ́, tí Màmá ń fi ẹsẹ̀ tọ́ ilẹ̀ wò, ẹ̀gbọ́n òun dojú bolẹ̀ lórí àga níbì kan, wọ́n ń gbin irun sí i lórí lọ́kọ̀ọ̀kan. Àbúrò rò pé inú máa bí òun. Kò bí i. Ó kàn ń wo orí náà bí èèyàn ṣe ń wo ohun tó lẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà, tó ń wá ibi tó máa nù ún sí.

Ẹ̀rọ ìgbọ́hùn tí wọ́n ń fi sí etí wà lórí tábìlì. Ohùn Wúrà gbé tirẹ̀, ó wò ó, ó sì gbé e kọ́ ọrùn. Dókítà tó gbin irun náà ní nǹkankan ò gbọdọ̀ tẹ orí náà. Iná pupa tàn. Ètò bẹ̀rẹ̀.

A ò ní purọ́, ohùn náà dùn. Ó kí ìlú, ìlú dáhùn. Ẹni tó kọ́kọ́ pè wọlé ni ìyá àgbà kan tó máa ń pè wọ́n lemọ́lemọ́, ohùn rẹ̀ ń jáde ketekete láti inú fóònù tó wà lórí tábìlì.

"Ohùn Wúrà, ọmọ mi! Ààwẹ̀ ni mo gbà fún ìyá rẹ o. Báwo lara wọn?"

Ó lè sọ pé ara wọn ti ń yá, kó sì gbé orin sí i. Kò sóhun tó máa ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ó rántí kámẹ́rà. Ó fa aṣọ ìnujú yọ.

"Ẹ ṣeun, ìyá mi. Mo jókòó ti bẹ́ẹ̀dì wọn tọ̀sán-tòru ni. Ọwọ́ mi ni wọ́n dì mú nígbà tí wọ́n ń gbé wọn wọlé. Wọ́n ní, 'Ọmọ mi, tí o bá ti wà níbí, ẹ̀rù ò bà mí.'" Ó nu ojú. Omi kankan ò sí níbẹ̀.

Ìyá àgbà bú sẹ́kún lórí fóònù.

Àbúrò fa gbohùngbohùn rẹ̀ súnmọ́ ẹnu. Ohùn tó fi ń sọ bójú ọjọ́ ṣe máa rí ló lò. "Bọ̀ọ̀dá mi, kí àwọn olùgbọ́ wa lè mọ bí wọ́n ṣe máa gbàdúrà: ojú wo ni wọ́n ṣe fún Màmá?"

Ohùn Wúrà wò ó. "Ojú... méjèèjì ni." Ó rí bí àbúrò rẹ̀ ṣe ń wo òun. "Ọ̀tún. Ọ̀tún ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe."

"Hẹ́ẹ̀n?" ni ìyá àgbà wí. "Ọ̀tún ni, àbí méjèèjì?"

"Òsì ni," ni Àbúrò dáhùn.

Bọ́tìnnì ti ń pariwo nínú ẹ̀rọ etí: "Orin! Ẹ pe orin! Ẹ dákẹ́, ẹ̀gbọ́n, ẹ dákẹ́!" Ṣùgbọ́n ọrùn ni ẹ̀rọ etí Ohùn Wúrà wà, kò gbọ́ nǹkankan. Ó ń ṣàlàyé lọ. Ó ní tí èèyàn bá kọjú sí aláìsàn, òsì aláìsàn máa bọ́ sí ọ̀tún ẹni tó ń wò ó, àti pé àwọn dókítà náà ní bí wọ́n ṣe ń pè é. Ìyá àgbà gbọ́ ọ dé ibì kan.

"Ọmọ yìí," ló wí, "o ò sí níbẹ̀." Ó sì já fóònù. Bọ́tìnnì fúnra rẹ̀ gbé orin sí i.

Ọ̀gá pè wọ́n sí ọ́fíìsì kí orin tó tán. Irun Ọ̀gá náà ò pọ̀. Ó wo orí tó wà níwájú rẹ̀, ó ṣe bí ẹni fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó pa á mọ́ra.

"Ká ní o sọ fún mi pé irun lo fẹ́ lọ gbìn ni, mo máa fún ọ láyè. Màá fi ọ́ rẹ́rìn-ín o, ṣùgbọ́n màá fún ọ láyè. Ìyá rẹ lo wá fi tọrọ rẹ̀."

"Ẹ má bínú, sà. Mo rò pé..."

"Má rò ó mọ́. Láti ọ̀la, ìkéde ohun tó sọnù ni wàá máa kà. Àbúrò, ìwọ lo ni ètò òwúrọ̀."

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ̀gbọ́n dá a dúró. Fìlà ti padà sórí. "O dójú tì mí lójú gbogbo ayé. Ìwọ ọmọ ìyá mi!"

"Bọ̀ọ̀dá mi, mi ò bá irun jà o. Bó bá wù yín, ẹ gbin irun sí àtẹ́lẹwọ́, kẹ́ ẹ máa yà á. Orí rédíò ni Màmá ti gbọ́ pé ẹ ń bọ̀. Wọ́n ní kí n wá àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún yín. Wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó síbẹ̀, èmi gan-an dúró ni. Ojú yẹn ṣú, wọ́n ń na ọwọ́ sí àga náà wò."

Ohùn Wúrà tún fa fìlà wálẹ̀, ó sì yíjú sí ọ̀nà àbájáde.

Ní ọ̀sán, kí Àbúrò tó parí iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n ti sáré ṣáájú dé ilé Màmá. Àbúrò bá a nílẹ̀ níbi tó dọ̀bálẹ̀ sí. Màmá jókòó sórí àga, dígí dúdú wà lójú rẹ̀. Ó ti gbọ́ gbogbo ètò náà, kò sí ọ̀rọ̀ kankan tó fò ó.

"Ṣí fìlà," ni Màmá wí.

Ó ṣí i. Màmá yọ dígí, ó fi ojú tuntun rẹ̀ wo orí náà fínnífínní.

"Ó dùn ọ́?"

"Ó dùn mí gan-an, Màmá."

"Pẹ̀lẹ́."

Pẹ̀lẹ́! Àbúrò dúró lẹ́nu ọ̀nà, báàgì rẹ̀ ṣì wà léjìká. Gbogbo ìgbà tí òun ń sáré láti ibi iṣẹ́ lọ sílé ìwòsàn, láti ilé ìwòsàn lọ sílé, òun ò rántí ẹni tó kí òun ní pẹ̀lẹ́.

Màmá dá dígí padà sójú. "Mo ti dárí jì ọ́. Ọmọ mi ni ọ́, kí ni mo fẹ́ ṣe? Ṣùgbọ́n má dárúkọ mi lórí rédíò mọ́. Èyí tí o ti fi mí jẹ tó."

"Mo gbọ́, Màmá." Ó dìde, ó gbọn orúnkún rẹ̀. Lójú tirẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. "Kí la máa jẹ?"

Màmá fẹ́ dìde. Àbúrò fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ léjìká jókòó. "Ẹ jókòó, Màmá. Ó lọ́wọ́." Ó yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ilé ìdáná wà lẹ́yìn. Ẹ se tiwa mọ́ tiyín, kí iyọ̀ má pọ̀."

Ó wo ọ̀kan, ó wo èkejì, ó lọ. Wọ́n ń gbọ́ bó ṣe ń ṣí ìkòkò, tó sì ń dé e padà. Màmá fa ọwọ́ Àbúrò mọ́ra, ó sì dì í mú.

Irun náà gbọ̀n dànù lẹ́yìn ìgbà díẹ̀. Dókítà ti sọ fún un pé ó máa gbọ̀n kó tó hù, ṣùgbọ́n kò fetí sí i, ó sì ń sunkún kiri ọ́fíìsì pé wọ́n ti lu òun ní jìbìtì. Lẹ́yìn náà ó hù. Ó hù dáadáa, ó dúdú, ó kún. Àwọn obìnrin tó wà níbi ìgbàlejò ń yìn ín. Ohùn Wúrà fi òòyà sápò, ó ń yà á níwájú gíláàsì gbogbo, bó tiẹ̀ jẹ́ pé yàrá tóóró tí wọ́n ti ń ka ìkéde àpò àti kọ́kọ́rọ́ tó sọnù ló wà láti àárọ̀ dalẹ́.

Lọ́jọ́ kan ó wá dúró níwájú tábìlì Àbúrò, ó tẹ orí síwájú.

"Wò ó dáadáa. Ṣé kò dára?"

Àbúrò wò ó. Ó ti gbìyànjú títí láti rí ọ̀rọ̀ burúkú kan sọ sí i, ó sì wá rí i pé òun ò ní ìkankan mọ́, bẹ́ẹ̀ ni òun ò ní ọ̀rọ̀ rere.

"Ó dára," ló wí.

Ẹ̀gbọ́n dúró, ó ń retí kó fi nǹkan kún un. Bọ́tìnnì kan gíláàsì láti inú. Àbúrò kó ìwé rẹ̀ nílẹ̀, ó wọ sitúdíò, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì kí àwọn olùgbọ́ rẹ̀ káàárọ̀.