Máṣíìnì Tó Sá Lọ sí Aflao

Ìdí Màmá Èjìdé kì í ṣe ìdí kékeré, òun fúnra rẹ̀ ló sì máa ń polówó rẹ̀. "Nígbà tí Ọlọ́run ń pín in," a máa wí, "ẹ̀ẹ̀mejì ni mo tò sórí ìlà." Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ owó orí wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Kodjoviakopé, ní Lomé, ọ̀rọ̀ ìdí ò pa á lẹ́rìn-ín. Ńṣe ló lẹ̀ mọ́ àpótí ìjókòó rẹ̀ pinpin, nítorí máṣíìnì ìránṣọ tó wà níwájú rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ gbé lọ.

"Màmá, oṣù méje lẹ ò san owó orí," ni òṣìṣẹ́ náà wí. Célestin lorúkọ rẹ̀, ọmọ Atakpamé ni, ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, ó sì ti tẹ̀ríba kí ìyá kó tó ṣí fáìlì. "Madame Angèle tó ń ta aṣọ ọmọdé ní ẹ̀yin lẹ rán gbogbo ọjà òun."

"Èmi ni mo rán an. Ta ni ì bá rán an? Ṣùgbọ́n Aflao ni mo ti rán an, ọmọ mi!"

Òótọ́ ni. Nígbà tí ìbọn ń dún ní Lomé lóṣù kìíní, tí ìyanṣẹ́lódì ti ti ìlẹ̀kùn gbogbo ìlú pa, Màmá Èjìdé gbé máṣíìnì rù, ó sáré kọjá ẹnubodè sí Aflao, ní ilẹ̀ Gánà. Ìró rẹ̀ tú lọ́nà, kò mọ̀, títí sọ́jà Gánà fi gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Abẹ́ igi máńgòrò ló tẹ́ iṣẹ́ sí níbẹ̀ fún oṣù méje kó tó padà wálé. Madame Angèle á fi aṣọ gígé ránṣẹ́ láti Lomé, òun á rán an, á fi ránṣẹ́ padà.

"Kì í ṣe ibi tí adìẹ ti jẹ àgbàdo la ti ń kó ẹyin rẹ̀," ló wí. "Ibi tó bá yé sí ni. Aflao ni mo yé sí, ojoojúmọ́ ni akọ̀wé káńsù wọn ń gbowó lọ́wọ́ mi, tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì fún mi."

"Ẹ jàre, Màmá. Bí ẹ bá ti san níbi tí ẹ ti ṣiṣẹ́, a ò ní gbà á lẹ́ẹ̀kejì. Tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀hún dà?"

Ibẹ̀ ni ìyá ti wá rántí. Bí ọjọ́ bá ti rọ̀ ní Aflao, ńṣe ló ń gbá gbogbo ohun tó wà lórí tábìlì pọ̀: àgékù aṣọ, òwú jíjá, tíkẹ́ẹ̀tì.

"Mo gbá a mọ́ pàǹtí," ló wí jẹ́jẹ́.

Oyin, ọmọ rẹ̀ obìnrin, káwọ́ lérí. "Màámi! Mo ní kí ẹ máa tọ́jú ìwé!"

"Ìwọ tó o dágbére fún ìwé ní kíláàsì kẹrin?"

Célestin mí kanlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde, kí n ka nọ́ńbà ara máṣíìnì."

"Mi ò dìde! Máṣíìnì yìí lọkọ mi fi fẹ́ mi. Bí ẹ bá máa gbé e, ẹ gbé mi mọ́ ọn. Kí ẹ ṣáà wá ọkọ̀ tó lágbára."

Ó tún ìdí tẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi agbára sí i. Abẹ́ rẹ̀ ni tìmùtìmù kan wà, tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán ní Aflao nígbà tí àpótí líle fẹ́ bó o nídìí. Fààà! Tìmùtìmù ya. Òwú jíjá yọ jáde, àgékù aṣọ tẹ̀lé e, ni pépà pupa kékeré kan bá bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ bàtà Célestin.

Oyin ló kọ́kọ́ ké. "Màámi, pàǹtí tí ẹ ń gbá yẹn, ibo lẹ ń dà á sí?"

Ìyá lanu sílẹ̀. "Inú tìmùtìmù ni! Kí ni ǹ bá fi kún un?"

Kò sẹ́ni tó tún bẹ̀ ẹ́ kó dìde. Ó fò sókè, ó fa tìmùtìmù ya pátápátá, tíkẹ́ẹ̀tì sì dà sílẹ̀ bí ewé, òǹtẹ̀ káńsù àti ọjọ́ lára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ìka méjì ni Célestin fi gbé àkọ́kọ́.

"Mú un dáadáa," ni ìyá wí. "Kì í géni jẹ. Ó kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ díẹ̀ ni."

Célestin tò wọ́n láti oṣù kìíní dé oṣù keje. "Ọjọ́ Ìsinmi nìkan ni mi ò rí, Màmá."

"Ṣọ́ọ̀ṣì ni mo wà. Ṣé ẹ ti ń gba owó orí lórí àmín ni?"

Célestin rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó fa ìlà pa oṣù méjèèje nínú fáìlì, ó kí ìyá, ó bá tirẹ̀ lọ.

Àyà Màmá Èjìdé ṣẹ̀ṣẹ̀ wálẹ̀. Ó rọra jókòó padà. "Yéè!" Ó ti gbàgbé pé àpótí lásán ló kù. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́ sí máṣíìnì rẹ̀. Iṣẹ́ tí máṣíìnì náà kọ́kọ́ ṣe lọ́jọ́ yẹn, tìmùtìmù tuntun ni, ó sì ní àpò tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́gbẹ̀ẹ́.