Ara Le, A Dúpẹ́

Ẹni tó bá rí Káfíńtà nígbà tó wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ náà kò ní gbà pé ọkọ̀ akẹ́rù ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kọlù ú. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi rìn wọlé. Ó gbọn eruku aṣọ rẹ̀ dànù lẹ́nu ọ̀nà, ó bọ́ bàtà, ó ní kí ìyàwó òun fún òun lómi. Ìgbà tó mu omi tán ló tó sọ pé ọkọ̀ ilé iṣẹ́ kan tó ń kó omi inú ike kiri kò dúró fún iná pupa, ó sì gbá ọkọ̀ òun lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì, níbi ilẹ̀kùn tí òun jókòó sí gan-an.

"Dẹ́rẹ́bà náà ń sunkún," ó wí. "Èmi ni mo tún ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún."

Ìyàwó rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Kò sí ẹ̀jẹ̀, kò sí egbò, àfi ibì kan tó wú díẹ̀ níhà.

"Ẹ jẹ́ ká lọ sí ọsibítù."

"Kí ni kí n lọ sọ fún wọn níbẹ̀? Pé kò sí nǹkan tó ṣe mí?"

Obìnrin náà dúpẹ́ pé orí yọ ọkọ òun, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Ẹ má dá a lẹ́bi o. Ẹ ò mọ irú ọkọ tó fẹ́ ni. Bí òòlù bá já lé Káfíńtà ní àtàǹpàkò, "kò ṣe nǹkan" ló máa sọ. Bí ibà bá dá a dùbúlẹ̀, tí aládùúgbò kan bá kí i láti ojú fèrèsé, á gbé orí sókè lórí ìrọ̀rí, á ní ara le, a dúpẹ́. Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nìyẹn, bí wọ́n sì ṣe tọ́ èmi àti ẹ̀yin náà nìyẹn. Ta ni wọ́n kí rí tó ń ka ibi tó ń dùn ún sílẹ̀ fún ẹni tó kí i?

Ní ọjọ́ kejì ni ilé iṣẹ́ olómi rán èèyàn wá. Ọkùnrin kan tó mọ aṣọ wọ̀ ni, tí ẹ̀rín kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ẹlẹ́rìn-ín ni ìyàwó Káfíńtà padà wá sọ ọ́, kò sì fi yìn ín. Ó gbé èso dání, ó tẹrí ba, ó gbé fóònù rẹ̀ sórí tábìlì, ó wá jókòó.

"Ẹ kú ewu, bàbá. Ṣé ara le?"

"Ara le, a dúpẹ́."

"Ṣé kò sí ibi tó ń dùn yín?"

"Kò sí o. A dúpẹ́ pé kò jù báyìí lọ."

"Kò sí wàhálà kankan, àbí?"

"Kò sí wàhálà rárá. Ẹ bá mi kí dẹ́rẹ́bà yẹn, ẹ ní kó fọkàn balẹ̀."

Ìyàwó rẹ̀ ló gbé omi fún àlejò. Ó rí fóònù náà lórí tábìlì, ṣùgbọ́n ta ni kì í gbé fóònù sórí tábìlì láyé ìsinsìnyí? Tọkọtaya sin ọkùnrin náà dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ gbọ́ mi ná: wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Láti ìgbà náà ni nǹkan ti ń yí padà. Káfíńtà ní èjìká òsì ń dun òun. Ó ya ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu, nítorí pé ìhà ni ọkọ̀ gbá, kò fara kan èjìká. Ó ní bóyá òun sùn lé e ni. Oúnjẹ ò wù ú jẹ mọ́. Bó bá dìde lórí àga, ojú á ṣú u, á di ògiri mú, á wá máa fọwọ́ pa á bí ẹni tó ń wò ó bóyá ògiri náà wọ́. Káfíńtà ṣáà ni. Ìyàwó rẹ̀ ní kó jẹ́ kí àwọn lọ sí ọsibítù, Káfíńtà ní ó kàn rẹ òun ni.

Ó di àárọ̀ ọjọ́ kan, ó fẹ́ wọ ṣòkòtò, bọ́tìnnì ò dé ojú ihò rẹ̀. Aránṣọ ni ìyàwó rẹ̀, òun ló rán ṣòkòtò yẹn, ó sì mọ ìwọ̀n ìbàdí ọkọ rẹ̀ bí orúkọ ara rẹ̀.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò jẹun láti ìjẹta," ó wí, "kí ló wá kún inú yín?"

Ó gbọ́wọ́ lé ikùn rẹ̀. Ó le bí pákó. Ó ṣí àtẹ́lẹwọ́ ọkọ rẹ̀ wò, ó funfun, òógùn tútù sì wà níbẹ̀. Kò tún bi í ní nǹkan kan mọ́. Ó pe takisí.

Dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò kò pẹ́ kó tó mọ̀ ọ́n. Ó ní nǹkan kan wà lábẹ́ egungun ìhà òsì tí kò ju ìkúùkù lọ, ó ti ya nígbà tí ọkọ̀ gbá a, ó sì ti ń da ẹ̀jẹ̀ sínú ikùn díẹ̀díẹ̀ láti ọjọ́ náà. Ẹ̀jẹ̀ yẹn ló ń mú kí èjìká máa dùn ún.

"Ìta ara lẹ ti ń wá ẹ̀jẹ̀," dókítà wí. "Ẹni tí ọkọ̀ bá kọlù, ọsibítù ló ń kọ́kọ́ lọ, yálà ó ń dùn ún tàbí kò dùn ún."

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n yọ ohun tó ya náà kúrò. Ó kù díẹ̀ kí ẹ̀mí rẹ̀ bọ́.

Nígbà tí ọkàn obìnrin náà balẹ̀ díẹ̀, ó tẹ Ẹlẹ́rìn-ín láago, ó sọ ohun tí iṣẹ́ abẹ náà ná àwọn fún un. Ó rò pé àánú á ṣe é. Ọkùnrin náà ní kó dúró ná. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀ láti inú fóònù, èyí tí ọkùnrin náà ká sílẹ̀ lórí tábìlì wọn: ara le, a dúpẹ́. Kò sí wàhálà rárá.

"Màmá, ẹnu bàbá fúnra wọn ló sọ ọ́," Ẹlẹ́rìn-ín wí. "Ohun tó bá ṣe wọ́n lẹ́yìn ìyẹn, kì í ṣe ọwọ́ wa ló ti wá."

Inú bí obìnrin náà, ó pa fóònù. Ọmọ èèyàn wọ ilé yín, ó kí yín ire, ẹ dá a lóhùn ire, ó wá ká ìkíni lọ bí ẹni ká ẹrù olè mọ́ni lọ́wọ́. Ìkíni o. Ohun tí wọ́n fi kọ́ wa kí eyín wa tó hù.

Lọ́yà kan wà nínú àwọn oníbàárà rẹ̀, obìnrin gíga kan tí kì í fọ̀rọ̀ ṣòfò, tó máa ń gbé aṣọ dúdú tó ń wọ̀ lọ sí kọ́ọ̀tù wá fún àtúnṣe. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló gbà lọ, ní yàrá kékeré kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, níbi tí fáànù ti ń ké tí kò sì fẹ́ atẹ́gùn. Lọ́yà gbọ́ ọ dópin.

"Ẹ ò gbọdọ̀ bá wọn sọ̀rọ̀ mọ́ tí mi ò bá sí níbẹ̀. Ẹ ò gbọdọ̀ fọwọ́ sí nǹkan kan. Màá mú kí dókítà sọ ohun tó ya àti ohun tó fà á, ìyẹn ni iṣẹ́ tèmi. Iṣẹ́ tiyín le jù ú lọ."

"Kí ni, mà?"

"Kí bàbá fẹnu ara wọn sọ pé ara àwọn ò le. Bí ẹnikẹ́ni bá kí bàbá lójú gbogbo èèyàn, tí bàbá tún ní a dúpẹ́, àwọn olómi yẹn á kàn máa rẹ́rìn-ín ni."

Ó délé, ó dúró síwájú ọkọ rẹ̀ tó jókòó ti ìrọ̀rí. "Ṣé ara le?"

"Ara le."

"Ẹ̀yin bàbá yìí. Ṣé ara le?"

"A dúpẹ́," ó wí, ojú sì tì í. "Kò ṣeé sọ lẹ́nu ni. Ó dà bíi kéèyàn máa ráhùn."

"Bẹ́ ẹ bá kú, ẹ dákun, ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn olómi yẹn náà," obìnrin náà wí, ó sì jáde nínú yàrá.

Ilé iṣẹ́ olómi pè wọ́n kí ọ̀rọ̀ tó dé kọ́ọ̀tù. Yàrá tútù ni, tábìlì rẹ̀ gùn, ike omi tò sórí rẹ̀. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ jókòó lápá kan, Ẹlẹ́rìn-ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀; tọkọtaya àti lọ́yà wọn wà lápá kejì. Ohùn inú fóònù ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó parí, Ẹlẹ́rìn-ín rẹ́rìn-ín sí Káfíńtà.

"Bàbá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé ara le?"

Ìyàwó rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Káfíńtà la ẹnu, ó pa á dé. Gbogbo wọn ń wò ó.

"Ara ò le," ó wí.

 Ọ̀rọ̀ yòókù wá ń jáde fúnra rẹ̀. "Mi ò lè gbé pákó mọ́. Bí mo bá fa ayùn díẹ̀, mo máa wá ibi jókòó. Ní alẹ́ ọjọ́ tẹ́ ẹ wá yẹn, ojú mi ṣú nílé ìwẹ̀, mo ṣubú. Mo mọ̀ pé mò ń kú lọ. Mò ń gbọ́ ìró máṣíìnì ìyàwó mi ní yàrá kejì. Aṣọ àwọn èèyàn tó ń bọ̀ láàárọ̀ ló ń rán. Mo ní kí n má dí i lọ́wọ́. Mo dùbúlẹ̀ síbẹ̀, mò ń dúró kó rán an tán."

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Ẹlẹ́rìn-ín. Ọ̀gá rẹ̀ ní kó gbé fóònù yẹn kúrò lórí tábìlì. Ó ní ilé iṣẹ́ ò ní sá fún ẹ̀bi tó jẹ́ tirẹ̀. Lọ́yà ní kó kọ gbólóhùn yẹn sílẹ̀ kó sì fọwọ́ sí i, ó ní àwọn ènìyàn òun ò ní fọwọ́ sí ohunkóhun lọ́jọ́ náà.

Ìyàwó Káfíńtà kò gbọ́ èyíkéyìí nínú rẹ̀. Gbólóhùn tó ti ń bẹ̀bẹ̀ fún láti ọjọ́ yìí ti jáde, òmíràn sì ti bá a jáde tí kò mọ̀ rárá. Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀ níwájú gbogbo wọn.

"Ẹ̀ ń gbọ́ máṣíìnì mi," ó wí. "Ẹ̀ ń gbọ́ ọ, ẹ ò pè mí."

 Obìnrin náà di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú pẹ̀lú ìbínú, kò sì jọ̀wọ́ rẹ̀ títí wọ́n fi délé.