Ta Ló Ń Pè Ní Aago Kan?

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án. Mi ò ní yí i. Ọ̀gá ní kí n yí i, mo ní mo ti gbọ́, ṣùgbọ́n mi ò ní… Àbí kí n yí i? Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ṣì pọ̀. Èèyàn lè yí ọkàn padà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kó tó pé.

Etí ni gbogbo wa ń pè é níbí, àwo irin ràgàjì tó wà lẹ́yìn fèrèsé mi yìí, tó gbójú sókè látàárọ̀ bí ẹni ń retí òjò. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa gbọ́. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa wo ohun tó gbọ́ lójú kọ̀ǹpútà, bóyá lọ́jọ́ kan, ẹnì kan tí kì í ṣe ará ayé yìí á sọ̀rọ̀. Ọdún mẹ́rìnlá. Ariwo, ariwo, ariwo lásán. Ojú ọ̀run kì í dákẹ́, kò kàn ní nǹkan kan láti bá wa sọ ni.

Àfi ìgbà tó di ọjọ́ mọ́kànlá sẹ́yìn. Aago kan ọ̀sán kọjá díẹ̀: pá. Pá. Pá. Ìlà mẹ́ta tó ga fíofío, àlàfo kan náà láàárín wọn. Lẹ́yìn náà, kò sí mọ́. Lọ́jọ́ kejì ó tún wá. Lọ́jọ́ kẹta. Ariwo lásán kì í ka ení, èjì, ẹ̀ta. Ẹnì kan ló ń kà á.

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí à ń kọ́ òṣìṣẹ́ tuntun kò ju èyí lọ: bí o bá gbọ́ nǹkan, yí Etí kúrò níbẹ̀. Bí ohùn náà bá lọ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òkè ló ti wá. Bí kò bá lọ, ilé ayé níbí ni, ẹ̀rọ ẹnì kan nítòsí ni. Kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Èmi fúnra mi ni mo kọ́ àwọn méjì tó wà ní yàrá kejì. Ọjọ́ mọ́kànlá rèé, mi ò tíì yí i.

“Kí lo ń dúró dè?” Ọ̀gá ló bi mí bẹ́ẹ̀ láàárọ̀. Wọ́n ti gbé gíláàsì ojú wọn sórí, ìyẹn ni pé kì í ṣe eré. “Ìràwọ̀ tí o dojú kọ yẹn, ojoojúmọ́ ló ń fi ìṣẹ́jú mẹ́rin yọ ṣáájú ti àná. Kí ló dé tí àlejò tìrẹ kì í kúrò lórí aago kan? Ṣé wọ́n gbé aago kọ́ ògiri lọ́hùn-ún ni?” Mo ní bóyá wọ́n máa ń pa àkókò mọ́ jù wá lọ ni. Ọ̀gá ò rẹ́rìn-ín.

Èmi kì í ṣe òmùgọ̀. Mo mọ ohun tí ìṣẹ́jú mẹ́rin yẹn ń sọ: aago ilé ayé níbí ni àlejò náà ń tẹ̀ lé, kì í ṣe ti ìràwọ̀. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ó ku mẹ́fà.

Tí ẹnì kan bá wà lókè yẹn… tí ẹnì kan bá wà lóòótọ́… a jẹ́ pé kì í ṣe lásán ni mi ò fi lọ. Ẹ̀n-ẹ́n. Mo ti sọ ọ́. Bàbá mi wà lórí ìdùbúlẹ̀, wọ́n ń pe orúkọ mi, mo sì ní kí wọ́n fún mi di ọjọ́ Ẹtì, nítorí Ọjọ́bọ̀ ni àkókò tí wọ́n fún mi lórí Etí máa parí. Ọjọ́rú ni bàbá kú. Nígbà tí mo délé, Màámi ò pariwo. Ì bá sàn kí wọ́n pariwo. Aṣọ bàbá ni wọ́n ń ká, wọn ò tiẹ̀ gbójú sókè. “Àwọn tí kò sí ni ò ń gbọ́ tiwọn. Bàbá rẹ tó wà, o ò gbọ́ tirẹ̀.”

Láti ìgbà náà, wọ́n ń pè, mi ò gbé e. Kì í ṣe ìbínú o. Ojú ló ń tì mí. Kí ni mo fẹ́ sọ? Ẹ káàsán, Màámi, a ò tíì rí wọn? Tí mo bá délé nírọ̀lẹ́, àga méjì ló wà ní pálọ̀ mi: èmi á jókòó lórí ọ̀kan, aṣọ tí mo fẹ́ lọ̀ á jókòó lórí èkejì. Màá rí àmì ìpè lójú fóònù, màá fi àtàǹpàkò nù ún dànù láì wò ó.

Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì ló wá dá kún un. Òun ló ń gba fóònù gbogbo wa sínú àpótí láàárọ̀, torí a kì í gbé e sún mọ́ Etí. “Àǹtí, màmá yín tún pè o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá wọn lóhùn, ẹ̀yin nìkan lọmọ wọn.” Lójú gbogbo èèyàn! Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń sọ fún un pé mo gbàgbé fóònù sílé. Inú báàgì ló ń wà. Mo pa á… ohùn rẹ̀ ni mo pa, ṣùgbọ́n pípa náà ni. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo máa ń fi báàgì kọ́. Ìkọ́ já láàárọ̀ yìí, báàgì wá wà nílẹ̀, ó fara ti kókósẹ̀ mi.

Mẹ́rin. Tí mo bá máa yí i, ìsinsìnyí ni.

Mo tẹ̀ ẹ́. Háà, mo tẹ̀ ẹ́. Etí ń kùn, ó ń yí díẹ̀díẹ̀, ó ti kẹ̀yìn sí ìràwọ̀ mi. Ibi tó ń wò báyìí, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè báyìí. Ẹ dúró kí n kọjú padà sí yín.

Aago kan. Kò sí nǹkan. Ìṣẹ́jú kan kọjá, kò sí. Méjì. Ó ti lọ. Ọlọ́run mi, ó ti lọ, a jẹ́ pé lóòótọ́ ni—

Pá.

Nǹkan gbọ̀n lẹ́sẹ̀ mi.

Pá. Ó tún gbọ̀n. Mo wo òkè, mo wo ilẹ̀. Pá. Ìlà kẹta lójú kọ̀ǹpútà, ìkẹta ní kókósẹ̀ mi. Ó dákẹ́.

Báàgì. Fóònù inú rẹ̀ ni Etí ń gbọ́.

Rárá o. Rárá… Ọjọ́ mọ́kànlá! Ọjọ́ mọ́kànlá náà ni mo fi ń parọ́ fún ẹ̀ṣọ́. Èmi olùkọ́ àwọn ẹlòmíràn! Mo ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú mi.

Kò sí ẹnì kankan, nígbà náà. Bóyá wọ́n wà, bóyá wọn ò sí, a ò tíì gbọ́ wọn. Mi ò lọ sọ́dọ̀ bàbá mi, mi ò sì rí nǹkan kan fi dípò rẹ̀. Kí n sọ ọ́ báyìí, kí n má sá fún un. Lásán ni.

Ṣùgbọ́n kí ló dé tó jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹ́ta?

Bàbá. Bàbá ló dá a sílẹ̀, lọ́dún tí mo kọ́kọ́ kúrò nílé, tí ọ̀rọ̀ orí fóònù ṣì wọ́n. “Fíláàṣì lásán ti tó. A ó jẹ́ kó dún, a ó gé e. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, tí a bá jẹun ọ̀sán tán. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé: a wà o, ìwọ ńkọ́? Tí ìwọ náà bá wà, dá ẹ̀ẹ̀mẹ́ta padà.” Ọdún méjì gbáko la fi ṣe é. Mo ti gbàgbé. Màámi ò gbàgbé. Kì í ṣe láti bá mi wí ni wọ́n ṣe ń pè. Wọ́n kàn ń béèrè ni.

Fóònù ti wà lọ́wọ́ mi. Òfin ní kí n jáde kọjá géètì ná. Mo mọ̀. Mo pè, ó dún, mo gé e. Ìlà kan dìde lójú kọ̀ǹpútà, tèmi nìyẹn. Mo tún pè, mo gé e. Ìlà kejì.

Ẹ̀ẹ̀kẹta… mi ò gé e. Mo jẹ́ kó máa dún.