Fóòmù Tí Kò Wọlé

Fóòmù náà kọ̀, kò wọlé. Obìnrin náà fi orúnkún tì í, ó fi èjìká tì í, ó gbé e nà ró, ó tún dà á dùbúlẹ̀. Bí apá kan ṣe ń wọlé ni apá kejì ń yọ jáde. Òógùn bò ó. Láti ìgbà èwe rẹ̀ ló ti ń ṣe àga àti bẹ́ẹ̀dì fún aráyé, fóòmù kan kò sì rí i fín rí.

Ilé kékeré onítáyà méjì ni fóòmù náà wà fún, irú èyí tí mọ́tò máa ń fà, tí èèyàn lè sùn sínú rẹ̀ níbi tí ilẹ̀ bá ṣú u sí. Ó rí roboto níwájú, ó rẹlẹ̀ lẹ́yìn bí ẹ̀kán omi. Oṣù mẹ́jọ ni ọkọ rẹ̀ ti ń kàn án lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wọn. Nọ́ọ̀sì tó ń gbé ní ọ̀ọ́kán ló sọ ọ́ ní Ẹyin. Láàárọ̀ yìí náà, ó tún pariwo láti ojú fèrèsé:

"Ẹyin yín ò tíì pa?"

"Òní ló ń pa. Bẹ́ẹ̀dì ẹ̀ ni mò ń gbé lọ yìí."

"Àga mi mẹ́fà ńkọ́? Fóòmù wọn ti tán, igi là ń jókòó lé."

"Wá ẹlòmíì, Nọ́ọ̀sì. Mo ti ti ṣọ́ọ̀bù. Èmi àti bàbá ọmọ mi ń lọ rí ayé."

Ẹnu rẹ̀ kún nígbà tó sọ ọ́.

Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni ọkọ rẹ̀ kó tó fẹ̀yìn tì. Kò kọ́ iṣẹ́ káfíńtà níbì kankan. Lọ́jọ́ kan ó fi gọ́ọ̀mù lẹ ìka ara rẹ̀ mọ́ òrùlé, ìyàwó ló fi omi gbígbóná tú u sílẹ̀. Ìyàwó ló di pákó mú nígbà tó ń tẹ̀ ẹ́, ìyàwó ló fi sáńpépà ha á títí ó fi ń dán. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ọkọ fi ọ̀rá dúdú bo ẹnu ọ̀nà Ẹyin. Ó ní, "Jẹ́ kí n parí inú ẹ̀ ná." Inú obìnrin náà dùn bí ọmọdé. Ó rò pé ó fẹ́ fi ohun kan yà á lẹ́nu ni.

Lánàá ni ọkọ kọ ìwọ̀n bẹ́ẹ̀dì sórí páálí fún un. Gígùn, ínṣì márùndínlọ́gọ́rin. Ìbú, ọgbọ̀n.

Nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, obìnrin náà kì í gé nǹkan lórí ìwọ̀n tí ẹlòmíràn bá mú wá. Ó máa ń sọ fún àwọn oníbàárà pé ẹnu kì í ṣe téèpù. Lánàá, ó ṣe ohun tó burú ju ìyẹn lọ. Ó wo ọgbọ̀n yẹn, ó bú sẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀dì ẹnì kan nìyẹn! Ọkùnrin tó fi gbogbo ayé ẹ̀ wa bọ́ọ̀sì, kí ló mọ̀ nípa téèpù? Ó gé e ní ínṣì méjìdínláàádọ́ta, ó rán aṣọ sí i, ó rán ìrọ̀rí méjì.

Ní báyìí, ó gbé fóòmù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ká ọ̀rá dúdú náà sókè, ó fa téèpù yọ lọ́rùn, ó wọ inú Ẹyin. Ọkọ rẹ̀ ti kan kọ́bọ́ọ̀dù gígùn kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ òsì láti orí dé ẹsẹ̀, pákó rẹ̀ gún régé. Kò kan nǹkan tó dára tó o rí. Láti kọ́bọ́ọ̀dù dé ògiri, ọgbọ̀n. Ó tún un wọ̀n. Ọgbọ̀n náà ni. Iná kan ló wà níbi ìgbórílé. Ìkọ́ kan ló wà fún ife.

Ọkọ rẹ̀ yọ lẹ́yìn. Ó rí fóòmù, ó rí téèpù.

"Ọgbọ̀n ni mo kọ fún ẹ."

"Mo rò pé ẹ ṣì í kọ ni." Ó jáde. "Bàbá ọmọ mi, ibo ni mo máa sùn?"

Ọkùnrin náà nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò. Kò sí ìdọ̀tí kankan lọ́wọ́ rẹ̀.

"Gbogbo ayé mi ni mo fi gbé èrò. Ẹni tó fẹ́ bọ́ọ́lẹ̀, ẹni tó ń bì, ẹni tó ń bú mi. Mo kàn fẹ́ wakọ̀ kí n má gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni lẹ́yìn mi."

"Ṣé èrò ọkọ̀ ni mí?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀."

"Ìgbà wo lẹ fẹ́ sọ fún mi?"

"Mo kọ ọ́ sórí páálí."

Òótọ́ ni. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dénú rẹ̀ a di odindi. Òun ló sọ ọ́ di odindi. Ínṣì méjìdínlógún ló fi kún un.

Ó ju ìrọ̀rí kan sínú Ẹyin. Ó fi èkejì há abíyá, ó fa fóòmù náà padà sí ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó pe òdìkejì:

"Nọ́ọ̀sì! Gbé mẹ́rin wá nínú àga mẹ́fà yẹn."

"Háà! Ẹyin ńkọ́?"

"Ó ti pa. Ọmọ kan ló wà nínú ẹ̀."

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. Nígbà tó wo ojú rẹ̀ dáadáa, ó lọ kó àga náà wá.

Obìnrin náà tẹ́ fóòmù sórí tábìlì, ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà níbi ọgbọ̀n ínṣì kí ìyókù lè di ti àga mẹ́rin, ó mú ọ̀bẹ. Bó ṣe ń gé e, ó ń wá ọjọ́ kan lọ́kàn rẹ̀, ọjọ́ kan péré, tí ọkọ rẹ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé àwọn méjèèjì ni àwọn ń lọ. Ó gé e dé àárín, kò rí i. Ó gé e dé òpin.