Lucy Kò Jẹ́ Kí Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀ Búra

Nígbà tí Lucy pe Àjọ Aṣọ́wó-Ìpolongo lẹ́jọ́ ní kóòtù Ìkàrẹ́, ẹ̀rín ni àwọn ará Ọ̀kà kọ́kọ́ fi rín in. Wọ́n ní ṣé àjọ ló bá a du ipò alága káńsù ni? Abọ́dẹrìn ló bá a du ipò, òun náà ló sì fẹ̀yìn rẹ̀ balẹ̀, ọkùnrin tí ẹnu rẹ̀ dùn, tí ọwọ́ rẹ̀ sì là. Òfin ti dá iye tí olùdíje lè ná, ṣùgbọ́n Abọ́dẹrìn ná an kọjá débi pé afọ́jú gan-an rí i. Ó fún àwọn ọlọ́kadà ní ọ̀kadà tuntun, ó pa màlúù láti àdúgbò dé àdúgbò, ó kó pánù fún ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì kó kápẹ́ẹ̀tì fún mọ́ṣáláṣí.

Lucy kọ̀wé sí àjọ náà. Wọ́n ní àwọn ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì wọn, ó ń pe gbogbo ẹni tó jókòó lẹ́yìn tábìlì ní "mà" àti "sà", wọ́n tún ní àwọn ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ojú wo gan-an ni wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò? Ìjọba ń san owó oṣù fún wọn kí wọ́n lè ṣọ́ owó, wọ́n wá jókòó, wọ́n ń wo owó bó ṣe ń kọjá lójú wọn.

"Mi ò wá ipò mọ́," ni Lucy ń sọ fún ẹni tó bá bi í. "Kí adájọ́ pàṣẹ fún wọn kí wọ́n ṣe iṣẹ́ wọn, ìyẹn ni mo fẹ́." Tíṣà ni kó tó fẹ̀yìn tì, ó sì ti fi ọ̀pọ̀ ọdún sọ fún ọmọ ọlọ́mọ pé òfin wà fún gbogbo ènìyàn. Tí kóòtù bá wá sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé irọ́ ló fi kọ́ wọn nìyẹn.

Munir, lọ́yà rẹ̀, ọmọ Ìkàrẹ́ tí kì í fọ̀rọ̀ falẹ̀, ti sọ ibi tí ẹjọ́ náà máa le sí. Àjọ á sọ pé ìtọrẹ àánú lásán ni gbogbo nǹkan wọ̀nyẹn, pé kò kan ìpolongo. Ẹni tó gbọ́ ọ lẹ́nu Abọ́dẹrìn pé torí ìbò ni ni wọ́n nílò.

Ẹni náà wà nílé. Naomi, ẹ̀gbọ́n Lucy, ni ìyá ìjọ ní ṣọ́ọ̀ṣì tí Abọ́dẹrìn kó pánù fún. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n kó pánù náà dé, ilé Lucy ló gbà lọ tààrà, ó ń sín Abọ́dẹrìn jẹ: "Ẹ̀yin ìyá, pánù rèé o, ìbò yín dà?" Ó rẹ́rìn-ín, ó pòṣé. Ó ní ibi yòówù tí wọ́n bá pe òun sí, òun á sọ ọ́.

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá búra sínú ìwé báyìí, mà," ni Munir wí, "kí ẹlòmíràn tó bá wọn sọ̀rọ̀."

Lucy kọ̀ jálẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi? Ẹni tó pọ̀n mí dàgbà, tó fi ilé ìwé sílẹ̀ kí n lè lọ? Kí n wá gbé ìwé síwájú rẹ̀ kó búra fún mi bí olè? Àbúrò kì í mú ẹ̀gbọ́n búra nílé wa. Ẹnu lásán tó." Munir kò fi dandan mú un. Òun náà ní ẹ̀gbọ́n.

Nígbà tí ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀, ìwé tí àjọ kó wá sọ pé ìtọrẹ àánú ni, ìwé Lucy sọ pé wọ́n fi ra ìbò ni. Adájọ́ ní kí àwọn tó wà níbẹ̀ nígbà tí Abọ́dẹrìn ń pín nǹkan wá fẹnu ara wọn sọ ọ́.

Mọ́tò kan náà ni tẹ̀gbọ́n-tàbúrò wọ̀ láti Ọ̀kà ní àárọ̀ ọjọ́ tí Naomi máa jẹ́rìí. Naomi ń tú gèlè rẹ̀, ó ń tún un wé títí wọ́n fi dé Ìkàrẹ́. Lucy rò pé ẹ̀rù kóòtù ló ń bà á, ó ra omi fún un, ó sì bá a tún gèlè rẹ̀ ṣe.

"Kí ni Abọ́dẹrìn sọ nígbà tó kó pánù wá?" ni Munir bi Naomi.

"Ó ní ká máa gbàdúrà fún òun."

"Ṣé ó dárúkọ ìbò?"

"Mi ò gbọ́ kó dárúkọ ìbò."

Munir tún bi í. Naomi tún un sọ, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀. Lọ́yà àjọ dìde, ó ní òun ò ní ìbéèrè kankan, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Lucy kò bínú lákọ̀ọ́kọ́. Ńṣe ló ń wò ó bóyá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á rántí. Adájọ́ sún ìdájọ́ sí ọjọ́ mìíràn.

Nírọ̀lẹ́, Naomi gbé iyán wá sílé Lucy bó ṣe máa ń ṣe. Lucy kò ṣí abọ́ náà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni mo ṣe fún yín?"

"Àwọn ìyá ìjọ yòókù ní tí mo bá sọ ọ́, a jẹ́ pé àbẹ̀tẹ́lẹ̀ la fi bo ilé Ọlọ́run. Wọ́n ní àwọn á ṣí pánù náà, àwọn á sì yọ mí nípò."

"Ẹ sì ti mọ̀ pé ẹ ò ní sọ ọ́ ká tó wọ mọ́tò."

"Mo mọ̀." Naomi jókòó. "Mo rò ó títí. Mo ní àbúrò mi ni ọ́. Inú á bí ọ, ṣùgbọ́n wàá gbà á. O ò ní bá mi jà."

Èyí ló wá dun Lucy ju ti kóòtù lọ. Àwọn ìyá ìjọ lè yọ Naomi nípò, ṣùgbọ́n kí ni àbúrò lè ṣe fún un? Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé Lucy ni Naomi dà, kì í ṣe àwọn ìyá ìjọ.

Kí wọ́n tó kúrò ní Ìkàrẹ́, Munir ti sọ fún un pé ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù: kí Naomi búra sínú ìwé pé òun fi òótọ́ pamọ́ fún adájọ́. Ó ní ìyẹn lè kó Naomi sí wàhálà òfin. Ó tẹ ìwé náà, Lucy fi í sínú báàgì, ó sì ti pinnu pé òun á fà á ya.

Ṣùgbọ́n ó mú un jáde. Ó sún abọ́ iyán sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì tẹ́ ìwé náà síwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Lucy, èmi lo fẹ́ mú búra?"

"Láàárọ̀ ọ̀la, ní kóòtù," ni Lucy wí, ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. "Ẹ máa múra sílẹ̀, mà."

Láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, kò pe Naomi bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn tó jókòó lẹ́yìn tábìlì àjọ ló ń pè ní mà. Naomi gbọ́ ọ. Ó nawọ́ sí abọ́ iyán náà bí ẹni tó fẹ́ gbé e padà lọ sílé, ó sì bú sẹ́kún.