Ikùn Olú

Ọdún mọ́kàndínlógún ni obìnrin náà ti ń gbálẹ̀ yàrá tí wọ́n ń tọ́jú olú gbígbẹ sí fún ìwádìí, tó sì ń nu àpótí wọn. "Ìyá Olú" ni wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn aláìmọ̀kan! Kò sí ìwé kan lára àpótí wọ̀nyẹn tí kò tíì kà, tí kò sì tíì fi wé ohun tó wà nínú rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, ó ń nu olú kan tó rí pẹlẹbẹ bí etí, èyí tí wọ́n gé lára ìtì igi líle tó ti kú. Ọ̀gá yàrá fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sínú ìwé tó wà lára àpótí náà, láti ogún ọdún sẹ́yìn, pé irú èyí tó ní ihò wínníwínní nísàlẹ̀ ni. Ìyá Olú yí i padà. Ikùn rẹ̀ jọ̀lọ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé, kò síhò kan ṣoṣo. Oríṣi oníhò àti èyí tí kò níhò jọra lẹ́yìn bí ìbejì, ikùn la fi ń dá wọn mọ̀. Ó gbé e lọ bá ọ̀gá nídìí tábìlì rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan lẹ wò, ẹ ò wo ikùn."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Ìgbà wo ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìgbálẹ̀ kàwé?"

"Wọ́n ní irọ́ lè lọ fún ogún ọdún, sà. Èyí ti pé ogún."

Ìgbà yìí ni ọ̀gá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbójú sókè.

Òfin kan wà tí ọ̀gá yìí kan náà lẹ̀ mọ́ ògiri: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yọ ìwé tí ẹlòmíì kọ. Ẹni tó bá rí nǹkan mìíràn yóò kọ tirẹ̀, yóò fọwọ́ sí i, yóò lẹ̀ ẹ́ sábẹ́ ti àkọ́kọ́, ó di títí ayé. Òfin náà kò sọ pé kí onítọ̀hún má jẹ́ agbálẹ̀. Obìnrin náà mú bírò. Iṣẹ́ yìí ló fi ń bọ́ ọmọ mẹ́ta, àmọ́ inú tó ń bí i ju ẹ̀rù tó ń bà á lọ. Ó kọ ọ́ pé: "Kò níhò." Ó kọ orúkọ rẹ̀ ní kíkún, ti bàbá rẹ̀ tẹ̀ lé e, ó sì lẹ̀ ẹ́ sábẹ́ ti ọ̀gá.

"Yọ ọ́ níbẹ̀," ni ọ̀gá wí. "Tí mo bá jẹun dé tó ṣì wà níbẹ̀, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ nìyẹn."

Ó jẹun dé. Ìwé náà wà níbẹ̀ gbọingbọin, obìnrin náà sì ń nu àpótí mìíràn.

"Ẹ lé mi, sà," ni ó wí. "Èmi ni màá lọ. Òfin tẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín ṣe ò ní jẹ́ kí ìwé yẹn bá mi lọ."